Ìpara Peptide Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Botox

Ní ọjà Kàbà, ní Ìsánlú àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Òkun, àwọn tó ń ta ìpara ojú a máa sọ fún àwọn ìyá wa pé ìpara tí a bá ti kọ peptide sí lára ń ṣe iṣẹ́ Botox, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹran ojú dẹ̀ kí ilà ojú lè dín kù, láìsí pé a gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, àti pé èyíkéyìí téèyàn bá rà nínú wọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Apá méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì ń dùn mí pé owó tó pọ̀ ni àwọn èèyàn ń san nítorí rẹ̀.

Ègé kékeré purotéènì ni peptide, bí ègé kọ̀ọ̀kan bá sì ṣe rí ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń rí. Argireline, ọ̀kan nínú àwọn peptide yìí, ni wọ́n sábà máa ń fi wé Botox, àfiwé náà sì ní ìpìlẹ̀: wọ́n ṣe é ní àwòkọ ìpẹ̀kun kan lára purotéènì SNAP-25, èyí tí iṣan ìmọ̀lára ń lò láti pàṣẹ fún ẹran ojú pé kó súnkì, SNAP-25 yìí kan náà ni Botox sì ń gé. Ṣùgbọ́n inú ẹran ojú gan-an ni dókítà ń gún Botox sí, agbára rẹ̀ a sì wà fún nǹkan bí oṣù 3 sí 4. Argireline ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la awọ kọjá, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 889 Dalton (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ohun tíntìntín), ohun tó bá sì ti ju 500 Dalton lọ kì í sábà ráyè wọlé. Ìwọ̀nba tó bá tilẹ̀ wọlé, ó ṣòro kó dé ọ̀dọ̀ ẹran tó wà lábẹ́ awọ.

Matrixyl, peptide mìíràn, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹran ojú. Ara collagen, purotéènì tó ń mú kí awọ le dáadáa, ni wọ́n ti mú àwòkọ rẹ̀, wọ́n so ọ̀rá mọ́ ọn kí ó lè rọrùn fún un láti wọ awọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ta awọ jí kí ó ṣe collagen tuntun. Ìwádìí kan tó jáde ní 2005, tí obìnrin 93 kópa nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, fi hàn pé ó dín ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú kù díẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo wọn, èyí tó yẹ kí àwa adúláwọ̀ fi sọ́kàn. GHK-Cu, peptide tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Loren Pickart rí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní 1973, ní bàbà nínú, ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ tó ń jinná ni wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò jù.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó béèrè irú peptide tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé kò sí èyí tó lè rọ́pò ìpara ààbò oòrùn, nítorí oòrùn ni olórí ohun tó ń sọ awọ ojú di ogbó ṣáájú ọjọ́. Tretinoin, oògùn ìpara tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ní 1995, kì í ṣe peptide rárá, ẹ̀rí tirẹ̀ sì lágbára ju ti gbogbo wọn lọ. Àmọ́ dókítà ló yẹ kó kọ ọ́ fún ni, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ lò ó.