Àkísà Àgbà

Wọ́n tún fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ kan ló pe ìyá ìyá rẹ̀ ní fídíò kọ́ọ̀lù, ni ìyá bá gbé fóònù sétí. Etí nìkan là ń rí, etí àti yẹtí wúrà, tí ìyá ń ké pé, "Àlò! Àlò! Ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbè é, wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo ayé lè bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ìyá ará oko," ni ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀. Inú bí mi.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ tí a ti lò gbó ló ń di àkísà. Ìyẹn ò gba àlàyé. Ẹ̀rọ náà ní àkísà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú àpótí ìyá tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí wò.

Ká ní ọdún 1950 ni wọ́n bí i. Rediffusion ló kọ́kọ́ gbọ́, àpótí rédíò tí wọ́n fi wáyà fà láti orí òpó wọlé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ lo máa gbọ́, wàá sì san owó oṣù. Ọmọdé ló ṣì jẹ́ nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Ẹni tó bá ní in ládùúgbò, ojú fèrèsé rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ń sùn sí. Nígbà tí Martin Cooper, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, di fóònù alágbèéká àkọ́kọ́ mọ́wọ́ ní títì New York ní 1973, tó fi pe èèyàn, ìyá yìí ti ń pọnmọ. NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, dé ní 1985: ẹ lọ tò sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n tó pè yín sínú yàrá tóóró kan láti bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sì ń sọ ọ́ wàràwàrà nítorí owó. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni GSM, fóònù alágbèéká, wọlé. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà, káàdì SIM ju ₦20,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ₦7,500 ni owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Gbogbo tẹlifóònù tí ìyá yìí fojú rí láyé rẹ̀, etí ni wọ́n ń gbé e sí. Ta ló sọ fún un pé ó ti di ti ojú?

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà tí ọmọ rẹ̀ lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1970 sí 1980. Kò mọ̀wé kọ, kò sì fẹ́ kí akọ̀wé àdúgbò mọ àṣírí ilé rẹ̀. Ló bá ra kásẹ́ẹ̀tì. Bí ilé bá ti pa rọ́rọ́ lálẹ́, á tẹ bọ́tìnnì méjì tó ń gba ohùn sílẹ̀ pọ̀, á bẹ̀rẹ̀. Ojú kìíní, oríkì ọmọ ni. Ojú kejì, ẹjọ́ bàbá ọmọ ni, kásẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń tán síbi tí ẹjọ́ ti ń dùn. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò la máa ń fi í rán, a ó sì máa retí èsì fún oṣù bíi mélòó kan. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún nìyẹn kí WhatsApp tó dé ní 2009. Àwọn tí ẹ ní wọn ò mọ fóìsì nóòtì nìyẹn o!

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèǹgbè. A gbà pé tiwa ò wọ akèǹgbè mọ́. (Àwọn àgbà tó ń fi àìmọ̀ yangàn, mo ń bọ̀ wá bá yín lọ́jọ́ mìíràn.) Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ kì í kọ́ni. "Ẹ gbé e wá, Màmá." Àtàǹpàkò á fò fìrìfìrì, ó ti tán, ẹ ti dá fóònù padà. Tí wọ́n bá tún béèrè lọ́la, ẹ ó mí kanlẹ̀: "Ṣebí mo ti kọ́ yín!" Ìgbà wo lẹ kọ́ wọn? Ìyá yìí ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ eyín, o sì gbé ọṣẹ ìfọyín mì láìmọye ìgbà kó tó yé ọ.

Àwọn olè ní sùúrù jù yín lọ. Wọ́n á pe ìyá yín, wọ́n á kí wọn kúnlẹ̀kúnlẹ̀: "Màmá, báńkì yín ló ń pè o. BVN yín ló ní ìṣòro díẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá wa kà á. Ẹ má kánjú, Mà." Ẹ má kánjú! Ìgbà wo lẹ̀yin ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí? Bí owó bá wá lọ tán, ẹ̀yin náà lẹ ó kọ́kọ́ figbe ta pé, "Kí ló dé tí ẹ kà á fún wọn?" Ta nínú yín ló jókòó tì wọ́n, tó sọ fún wọn pé nọ́ńbà àṣírí ni, wọn ò gbọ́dọ̀ kà á?