Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ràn Ìwé

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí òwe yìí, kó lọ dúró sí Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́ láàárọ̀. Àwọn kan ń ti òpópónà Adésidà bọ̀, àwọn kan gba òpópónà Àràkàlẹ̀ yọ. Ẹni tó bá ọ̀dọ̀ aláṣọ wọlé á délé ròyìn aṣọ, ẹni tó bá ọ̀dọ̀ aláta wọlé á ròyìn ata. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì gba ọ̀nà méjì, kó má tíì sọ pé òun mọ ọjà.

Lójoojúmọ́, ẹni tí nǹkan kọ̀ fún la máa ń fi òwe yìí tù nínú: bí ibí ò bá ṣeé ṣe, ọ̀hún á ṣeé ṣe. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí ìwé kíkà ló sì ti wúlò jù lójú tèmi.

Àwọn òǹkàwé wa ti pín sí méjì tipẹ́. Apá kan ní irọ́ ni ìtàn àròsọ, pé ìtàn gidi nìkan làwọn ń kà. Apá kejì ní ìwé ìtàn gbẹ bí èèpo iṣu. Ìmọ̀ràn kan náà ni mo ní fún wọn: ẹ máa ka ìwé ní méjì-méjì. Bí ẹ bá ka ìwé àròsọ tàbí eré lórí ọ̀ràn kan, ẹ wá ìwé ìtàn tó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yẹn gan-an, kí adùn ti àkọ́kọ́ tó kúrò lẹ́nu.

Ẹ mú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, òǹrorò ni obìnrin yìí. Kò bímọ, kò sì fẹ́ kí ẹrú rẹ̀ kankan bímọ. Adétutù, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà, lóyún, Ẹfúnṣetán sì gbẹ̀mí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ṣẹ́gun Ẹfúnṣetán, obìnrin náà sì gbé májèlé jẹ. Ẹni tó bá ka eré yìí tán, inú rẹ̀ á dùn pé ìkà ṣubú. Wàyí o, ẹ ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Ẹ̀sùn tí Látòósà kà sí i lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ kò mẹ́nu kan aboyún rárá. Ó ní kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874. Kí ọdún náà tó parí, ẹrú inú ilé rẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á lóru.

Ìwé kan ò sọ èkejì di asán. Eré ń bi wá pé kí ni agbára ń sọ ọmọ ènìyàn dà. Ìtàn ń bi wá pé ta ni ikú obìnrin yìí ṣe láǹfààní. Eré ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹni tó bá ti ìdí ìtàn bẹ̀rẹ̀ á máa fi ojú adájọ́ wo eré, á máa ka àṣìṣe, igbe àwọn ẹrú inú rẹ̀ ò sì ní wọ̀ ọ́ létí.

Ìwé Johnson fúnra rẹ̀ ní bí a ṣe ń kà á. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní Ìlú Òyìnbó, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, tó fi jáde ní 1921. Ó lé ní 600 ojú ewé. Ẹni tó bá ní òun á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń sú u kó tó dé ìdajì. Ẹ kọ́kọ́ ka orí tó dá lórí orúkọ àti èyí tó dá lórí ilà ojú, lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sí ogun Kírìjì, tí Johnson fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú iṣẹ́ ìlàjà rẹ̀. Kí ọmọ Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó sì rántí pé ojú Ọ̀yọ́ ni ọkùnrin yìí fi ń wo ilẹ̀ Yorùbá. Ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ló tan mọ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ìlú yín ò bá gba ju ìpínrọ̀ díẹ̀ lọ níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ti Fágúnwà yàtọ̀. Ọmọ Òkè-Igbó ni, ní ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ sí Ifẹ̀, òwe ìlù ògìdìgbó tí ọlọ́gbọ́n ń jó ló sì fi ṣí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, 1938. Ìkìlọ̀ ni: ẹ má fi ojú nìkan kà á. Ẹ kà á sókè, orí kan lẹ́ẹ̀kan, torí ẹnu ló kọ àwọn gbólóhùn gígùn rẹ̀ fún. Ẹni tó bá fi ojú sáré lé e á ní ó ń sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń sáré ka ìjà àti iwin, tí a bá wá dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje tó gba àwọn ọdẹ lálejò ní Òkè Lángbòdó, a ó máa ṣí ìwé kọjá. Ibẹ̀ ni kókó ìwé náà wà, níbi tí àwọn akíkanjú ti jókòó tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ bí ọmọdé. Mo gbà pé ìwàásù gùn jù nínú àwọn ìwé rẹ̀ kan. Ẹ sinmi níbẹ̀, kí ẹ padà lọ́jọ́ kejì; ẹ má fò ó.

Bí ẹ̀dà ọwọ́ yín bá ti pẹ́, ẹ ó bá àkọtọ́ àtijọ́ pàdé, èyí tó wà kí wọ́n tó fọwọ́ sí tuntun ní 1974: “aiye” fún ayé, “enia” fún ènìyàn, “nwọn” fún wọ́n, “nlọ” fún ń lọ. Lẹ́yìn ogún ojú ewé, ojú á ti mọ̀ ọ́n.

Ìwé kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń bú àròsọ ní irọ́ kà: ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí Isaac Thomas ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní 1929 sí 1930. Ó kọ ọ́ bí lẹ́tà obìnrin kan tó ń ṣàìsàn, àwọn òǹkàwé sì gbà á gbọ́ gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Ẹ wo bí àwọn orúkọ àdúgbò Èkó tí kò ṣàjèjì ṣe mú kí ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹ̀rí. Àwọn ìwé ìtàn gidi pàápàá máa ń lo ọgbọ́n yìí. Ní ti Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, ẹ má kà á torí àtimọ ọ̀daràn nìkan. Ẹnu Lápàdé, ẹni tó ń tọpa ọ̀daràn náà, ló dùn jù nínú rẹ̀, ẹ sì lè kà á lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ tilẹ̀ ti mọ ìparí.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ojú ewé 10 lójúmọ́ tó fún ìwé ìtàn. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ olójú 40. Lápá òsì, ohun tí òǹkọ̀wé sọ pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé. Lápá ọ̀tún, ohun tí ẹ fẹ́ bi í. Ìlà mẹ́ta fún orí kan ti tó. Ẹni tó bá ń da gbogbo ìwé kọ máa ń pa á tì lọ́sẹ̀ kejì.

Nígbà tí ẹ bá ń ra ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà ayédèrú. Àmì ohùn ló máa ń kọ́kọ́ ré dànù nínú wọn, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á sì di ọ̀kan náà. Ìdì olójú ewé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sábà máa ń fi di ìwé pọ̀, odindi ìdì kan sì lè sọnù tàbí kó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ẹ ṣí ibi ojú ewé 16, 32, 48, títí dé ẹ̀yìn. Bí 32 bá fò sí 49, ẹ dá a padà kí ẹ tó kúrò níwájú àtẹ.