Ọmọ Òṣómàálò kò ní í pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó sá fún gbèsè

Ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fi ìtàn Daniel Nicols, ọkùnrin tó dá ilé oúnjẹ Café Royal sílẹ̀ ní London, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Pọ́n-ùn 5 péré ló mú wọ London, ìwọ ń sọ pé kò sówó!" Wọ́n á wá fi àwòrán Café Royal tì í, wúrà lókè, dígí lára ògiri.

Mo mọ ìtàn náà. Daniel Nicolas Thévenon lorúkọ tó ń jẹ́ nílẹ̀ Faransé. Ọtí wáìnì ló ń tà ní Paris kí gbèsè tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1863, òun àti Célestine ìyàwó rẹ̀ bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, ó di London. Nígbà tó fi máa di 1865, wọ́n ti ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan sí Glasshouse Street. Ilé oúnjẹ náà ń fẹ̀ títí ó fi yọjú sí Regent Street, ó di Café Royal tí Oscar Wilde òǹkọ̀wé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá jẹun, tí àwọn ọlọ́tí sì ń ròyìn wáìnì tó kó pamọ́ sábẹ́ ilé. Kódà lẹ́tà N tó ní adé lórí ni wọ́n fi ṣàmì ilé náà, bí ẹni pé Napoleon, olú ọba Faransé, ló ń ta ẹran díndín. Olówó ni ọkùnrin náà nígbà tó kú ní 1897.

Ó dáa. Àwọn tó jẹ lówó ní Paris ńkọ́? Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi í ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún wọn. Àbí owó ara rẹ̀ nìkan ni oníwáìnì fi ń ra ọjà? Àgbẹ̀ tó gbin àjàrà ńkọ́, ẹni tó kan àgbá ńkọ́?

Ìjẹ̀ṣà ni mí. Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàálò, ìyẹn ni pé wọ́n ta aṣọ láwìn, ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn títí owó aṣọ fi pé. Màámi náà ta aṣọ, n'Ìbàdàn. Obìnrin kan ládùúgbò wa kó léèsì àti ànkárá lọ́wọ́ wọn láwìn, ó ní ọjọ́ kejì ìnáwó òun lòun máa sanwó. Ọjọ́ kejì ìnáwó, àgádágodo la bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ó ti gba Cotonou lọ. Màámi jókòó sórí àpótí níwájú ilé yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, àgádágodo ń wò wọ́n, àwọn náà ń wo àgádágodo. Ẹni tó gbé léèsì fún wọn ní Gbági kò sì fẹ́ gbọ́ Cotonou kankan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò padà sí iléèwé ní táàmù yẹn.

Ìgbà tó yá, a gbọ́ pé obìnrin náà ti ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńlá níbẹ̀. Ẹ kọ tiẹ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ká fi gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú.

Àfi ibì kan tó ń dí mi lọ́wọ́. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń ti onígbèsè mọ́lé ní ilẹ̀ Faransé. Clichy lorúkọ ẹ̀wọ̀n wọn ní Paris. 1867 ni òfin tó fagi lé e, Nicols sì ti lo ọdún mẹ́rin ní London. Ká ní ó dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú Clichy ni wọn ì bá jù ú sí, ẹni tó wà níbẹ̀ kò sì lè ta ìgò wáìnì kan kó fi san kọ́bọ̀. Mo bi màámi pé ká ní ọwọ́ tẹ obìnrin yẹn, ṣé wọn ì bá jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé.

"Kí n wá máa gbé oúnjẹ lọ fún un ní tẹ́ṣàn ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tòun, ó ní ká wá àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù náà fún òun, Cotonou ò jìnnà.