Ọjọ́ tí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ lo tó di ará àdúgbò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ìlú ọba, mo sì fẹ́ dá tèmi sí i lónìí. Àwọn kan ní kéèyàn kó kúrò ní London, kó máa bọ̀ lápá òkè, ní Leeds, ní Hull, ní Sheffield, pé ibẹ̀ ni ọ̀yàyà wà, pé ará London á fara gbún ọ kọjá bí ẹni pé o kì í ṣe èèyàn. Àwọn kejì ní irọ́ ni, pé ẹ̀rín ètè lásán ni, pé ọ̀kan náà ni gbogbo òyìnbó. Èmi àti ọkọ mi kó ọmọ kúrò ní London wá sí Leeds, ohun tí mo sì rí ni pé kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé ọ̀yàyà ni nǹkan tí à ń wá.

Ọ̀yàyà wà níbí. Ẹni tó bá ní kò sí, kò tíì wọ bọ́ọ̀sì ni. Tí èèyàn bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Ọmọdé ń ṣe é, àgbà ń ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ tó fi nǹkan dí etí gan-an ń ṣe é. Obìnrin tó ń ta ẹja ní Kirkgate Market á ti pè ọ́ ní "love" kó tó mọ ohun tí o fẹ́ rà. Ká má wá sọ ti ojú ọjọ́. Àwa ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ewu ọmọ. Tiwọn, ojú ọjọ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Òjò ń rọ̀, èmi àti ẹni tó dúró tì mí jọ ń wò ó, òjò ọ̀hún ń ta sí àwa méjèèjì lára, á wá yíjú sí mi, á ní òjò mà ń rọ̀ o. Tó o bá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, o ti jẹ́ ìkíni nìyẹn.

Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni ọ̀yàyà yẹn ń mọ. Èèyàn lè gba "love" láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó wọlé, kó má rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo mọ àwọn tó ti pẹ́ níbí dáadáa, gbogbo òpópónà ló ń rẹ́rìn-ín sí wọn, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ orúkọ wọn. Wọ́n á wá ní òyìnbó ò ṣeé bá ṣọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo tiwa ná. Nílé wa, a kì í rán àlejò níṣẹ́. A ó fún un lómi, a ó fún un ní àga tó dáa jù nínú ilé, a ó máa bá a rẹ́rìn-ín, ìyẹn ò sì sọ ọ́ dọmọ ilé. Ọmọ ilé lẹni tí a lè ké sí láti ẹ̀yìnkùlé pé kó sáré ra iyọ̀ wá, tí òun náà sì lè wọ ilé ìdáná wa wá wá ìṣáná láì tọrọ gáfárà. Bó ṣe rí ní Ìbàdàn ló ṣe rí ní Leeds. Ọjọ́ tí wọ́n bá lè rán ọ níṣẹ́, tí ìwọ náà lè bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, lo tó di ará àdúgbò. Títí dìgbà náà, àlejò tí wọ́n ń yẹ́ sí ni ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjà Kirkgate tí mo dárúkọ yẹn ni Michael Marks ti pàtẹ lọ́dún 1884, tó ń ta gbogbo ọjà rẹ̀ ní pẹ́nì kan péré. Júù ni, láti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, wọ́n sì ní Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ dá lẹ́nu rẹ̀. Isaac Dewhirst, oníṣòwò kan ní Leeds, ló yá a ní pọ́n-ùn márùn-ún tó fi ra ọjà. Àtẹ yẹn ló dàgbà di ilé ìtajà ńlá tó ń jẹ́ Marks & Spencer. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti rẹ́rìn-ín sí Marks kó tó pàdé Dewhirst.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán èmi, ti dọ́ọ̀stíbìn ni. Ní Leeds, dúdú ni ti ìdọ̀tí gidi, aláwọ̀ ewé ni ti páálí àti ike, búráùn ni ti koríko àti ewé inú ọgbà. Wọn kì í kó wọn pọ̀, ẹni tó bá sì gbàgbé láti gbé dúdú síta á fi ọ̀sẹ̀ méjì bá òórùn gbélé. Màmá kan ń gbé ní ọ̀kánkán wa, òyìnbó ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n fẹ́ lọ kí ọmọ wọn ní Scarborough, ni wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn pé ṣé mo lè bá àwọn gbé ti dúdú síta lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n sì bá àwọn dá a padà tí wọ́n bá ti kó o. Bí inú mi ṣe dùn tó, ọkọ mi ní ṣé wọ́n fún mi lówó ni.

Kí wọ́n tó dé, mo ti bá wọn gba ẹrù. Níbí, tí wọn ò bá bá ọ nílé, ẹni tó ń gbé ẹrù kiri á gbé tìrẹ fún ojúlé kejì, á sì fi ìwé pélébé há ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà kì í gbà á. Ẹ̀rù ń bà wá kí nǹkan má lọ sọnù nínú rẹ̀, kí wọ́n má ní àwa la jí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ojú ń rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹrù yẹn gan-an ló ń mú wọn wá kan ilẹ̀kùn rẹ, tí wọ́n á dúró díẹ̀, tí wọ́n á béèrè pé kí ló ń ta sánsán báyìí.

Nígbà tí Màmá dé, wọ́n gbé rhubarb wá fún mi láti inú ọgbà wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má mọ̀ ọ́n. Agbègbè wa yìí, láti Leeds lọ dé Wakefield, ló lókìkí fún un jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà òtútù, inú ilé tó ṣókùnkùn biribiri ni àwọn àgbẹ̀ ti ń mú un dàgbà, iná àbẹ́là ni wọ́n sì fi ń kórè rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bà á jẹ́. Ti Màmá ò rí irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, ìta gbangba ló wà. Igi rẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Ojú mi ò kúrò lára ewé yẹn. Mo dúpẹ́ tán, mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń bọ ewé náà kí wọ́n tó rẹ́ ẹ sọ́bẹ̀, àbí tútù ni wọ́n ń dà á sí i. Màmá kígbe! Májèlé ni ewé ọ̀hún. Igi ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ, ṣúgà ni wọ́n sì fi ń sè é torí ó kan bí nǹkan míì. Àwa tí à ń jẹ ewé tí à ń sọ igi nù! Wọn ò dúró kí n ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n kọjá sí ilé ìdáná, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n gé gbogbo ewé yẹn sínú ọ̀rá, wọ́n di ọ̀rá náà pa, wọ́n wá dúró tì mí títí mo fi sè é jinná. Mo bu ẹ̀fọ́ rírò fún wọn. Wọ́n ní ata ẹ̀ ti pọ̀ jù, imú wọn ń ṣomi, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ò dá láàárín wa. Wọ́n á rán mi lọ gba oògùn wọn wá. Èmi á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi jókòó ti ọmọ díẹ̀ tí ọkọ mi bá pẹ́ níbi iṣẹ́, kí wọ́n bá mi wo lẹ́tà kan tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ tí n kò lóye.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá wa wí díẹ̀. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé a ò mọ̀ ọ́n. Kàkà ká bi ẹni tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí, a ó lọ bi ẹni tó wà ní Kent lórí WhatsApp. Ṣọ́ọ̀ṣì wa, mọ́sálásí wa, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, mi ò ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Àwọn ló fún wa ní bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò nígbà tí a dé. Ṣùgbọ́n tí gbogbo Sọ́ńdè bá jẹ́ tiwọn, tí alẹ́ jẹ́ ti ìpàdé orí fóònù, tí Sátidé jẹ́ ti òde àríyá, a jẹ́ pé a ò tíì kúrò nílé nìyẹn, Ìbàdàn la kàn gbé wá sí Leeds.

Mo yọ àwọn kan sílẹ̀ o. Ìjọba ṣí ọ̀nà físà fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní oṣù kejì ọdún 2022. Nígbà tó di oṣù kẹta 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba ẹni tuntun láti òkè òkun. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ alẹ́ lé ti ọ̀sán, tí ìyàwó rẹ̀ wà ní Òṣogbo, tí físà rẹ̀ so mọ́ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹ má lọ sọ fún un pé kó lọ bá aládùúgbò se rhubarb. Oorun lòun ń wá.

Àwọn tí mò ń bá wí ni àwa tí a ráyè, tí a kàn ń sọ pé kí á ṣáà gba ìwé ìgbélùú ná. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń kà fún wa tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba ní àwọn fẹ́ kó di mẹ́wàá. Ọmọ tí a gbé pọ̀n wá á ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, á ti máa fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Leeds, ìyá rẹ̀ ò ní tíì mọ ẹni tó wà ní ojúlé kejì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń polówó ìlú yìí. Afárá kan wà láàárín Leeds, lórí odò Aire, orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́: David Oluwale. Èkó ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1930. Ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1949, ó gúnlẹ̀ sí Hull, ó bọ́ sí Leeds, ó ṣiṣẹ́. Ní 1953, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn sí. Ọlọ́pàá méjì ń lù ú, wọ́n ń lé e kiri lóru. Ní oṣù karùn-ún 1969, wọ́n yọ òkú rẹ̀ nínú odò náà. Àwọn ọlọ́pàá yẹn ṣẹ̀wọ̀n, lílù tí wọ́n lù ú ló gbé wọn dẹ́wọ̀n, kì í ṣe ikú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí àmì ìrántí rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2022, ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì mọ́ tí wọ́n fi jí i lọ. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ṣí afárá náà ní 2023. Ìlú kan náà ló bí ẹni tó jí i àti àwọn tó fi ọdún gbọọrọ jà kí orúkọ ọmọkùnrin yẹn lè wà lórí afárá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rírán tí mò ń sọ yìí kò sì lè gba Oluwale. Ta ló fẹ́ rán ẹni tí kò ní ojúlé níṣẹ́?

Oṣù kẹjọ 2024 ńkọ́? Wọ́n ti pa àwọn ọmọdé ní Southport ní ìparí oṣù keje, irọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan pé ẹni tó wá ibi ìsádi ló pa wọ́n, jàǹdùkú sì tú síta ní ìlú púpọ̀. Ní Rotherham, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n lọ dáná sí òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ibi ìsádi wà. Gbogbo WhatsApp wa kún fún "ẹ má jáde o". Màmá kan ilẹ̀kùn tàwọn ti búrẹ́dì àti mílíìkì. Wọn ò dárúkọ rògbòdìyàn kankan. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, pé bóyá a ò ní fẹ́ jáde. Ọkùnrin ojúlé kejì, tí orí ló máa ń mì sí wa látọjọ́ yìí, ní òun á fi mọ́tò gbé ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, òun á sì lọ gbé e lówùúrọ̀. Àwọn tí a jọ ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí inú wọn dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò mọ ilé wa.

Kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé má fi wá ṣẹ̀rín, ẹ wo Sábó ní Ìbàdàn. Láti 1916 ni wọ́n ti yan ibẹ̀ fún àwọn Hausa, pàápàá àwọn oníṣòwò obì. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Yàtọ̀ sí ọlọ́ṣúyà, ta lẹ mọ̀ níbẹ̀ tí ẹ lè fi ọmọ tì fún wákàtí kan? Ẹnì kan á ní ṣebí à ń rán mẹ́gáàdì níṣẹ́ lójoojúmọ́. Owó la fi ń rán ìyẹn. Ǹjẹ́ òun ti bẹ̀ yín níṣẹ́ rí? Mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ilé yín láti ìgbà tí ẹ ti wà ní kékeré, ìlú wo ló ti wá?