Chin-chin yíyan fún ọmọdé: epo tí ẹ yọ níta, ẹ fi díẹ̀ sínú

Èrò tèmi rèé, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, àyè wà: chin-chin yíyan tí ọmọ gé jẹ lẹ́ẹ̀kan, tó sì tì í sẹ́yìn, ọmọ kọ́ ló ya olórí kunkun. Chin-chin náà ló le bí ekùrọ́. Ẹni tó ṣe é mú àpòpọ̀ tí wọ́n máa ń dín, ó gé e, ó tò ó sórí tíréè, ó tì í sínú oven, ó wá ń retí kó jáde bí èyí tó ti inú epo gbígbóná wá. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ẹ wo iṣẹ́ tí epo ń ṣe ná. Epo tó gbóná dé nǹkan bí 175°C máa ń bo gbogbo ara chin-chin lẹ́ẹ̀kan náà, omi inú rẹ̀ á sì máa sá jáde. Omi tó ń sá jáde yẹn lẹ máa ń rí tó ń hó yí i ká. Bí omi ṣe ń jáde ni epo díẹ̀ ń wọlé, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹnu lè rún un wómúwómú. Afẹ́fẹ́ inú oven kì í tètè gbé ooru wọ nǹkan bíi ti epo, bó ti wù kó gbóná tó, kò sì ní ọ̀rá kankan tó máa fún un. Torí náà, ọ̀rá tí epo ìdín ì bá fún un, inú àpòpọ̀ lẹ máa fi í sí kó tó dé oven rárá.

Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ohun dídín ló gba yíyan. Àpòpọ̀ puff-puff rọ̀, epo ló ń gbá a mú tó fi ń di róbótó. Lórí tíréè, ṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí ẹ bá sì dà á sínú páànù oníkòtò tí wọ́n fi ń yan kéèkì kéékèèké, búrẹ́dì kékeré ló máa dà. Ó lè dùn o, ṣùgbọ́n ẹ pè é ní búrẹ́dì, kí ọmọ má bàa rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkàrà. Ẹ̀wà lílọ̀ kan náà la ń dín tó ń jẹ́ àkàrà, tí a ń sè nínú ewé tó ń di mọ́ínmọ́ín. Àwọn ará Bahia ní Brazil náà kò pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́: èyí tí wọ́n dín nínú epo pupa ni acarajé, èyí tí wọ́n sè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni abará. Àkàrà inú oven, kò sí nínú méjèèjì. Chin-chin ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, torí àpòpọ̀ tirẹ̀ le, òun àti bísíkíìtì jọ ń bára wọn tan ni.

Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ nìyí: fúláwà 500 g, bọ́tà 125 g, ṣúgà 90 g, ẹyin 1, mílíìkì bíi 100 ml, baking powder ṣíbí kékeré 1, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, àti nutmeg rírin tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa dín in ni, bọ́tà yẹn á ti pọ̀ díẹ̀, torí chin-chin tí bọ́tà rẹ̀ bá pọ̀ jù máa ń tú sínú epo. Inú oven kò sí ìbẹ̀rù ìyẹn. Ẹni tó bá dín bọ́tà kù sí 50 g nítorí pé ohun aṣaralóore ló fẹ́ ṣe, òkúta ló ń yan. Ní ti ṣúgà, ẹlòmíì máa ń fi 150 g tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 90 g tó ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ sísàlẹ̀ 60 g, torí ṣúgà wà lára ohun tó ń jẹ́ kó pupa, kó sì gan. Láìsí i, ó máa funfun bíi ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bọ́tà tútù lẹ fẹ́, kì í ṣe yíyọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú fúláwà, kí ẹ sì máa fi orí ìka ra á pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́, torí àtẹ́lẹwọ́ gbóná. Ẹ máa ra á títí á fi dà bíi gàrí tí wọ́n wọ́n omi sí. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: ó yẹ kó di mọ́ra. Ẹ fi ìka ta á: ó yẹ kó fọ́. Tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ti bo fúláwà, fúláwà kò sì ní lè mu omi yó débi tó máa fi fà bíi rọ́bà. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó da ṣúgà, iyọ̀, nutmeg àti baking powder sí i, kí ẹ wá po ẹyin mọ́ mílíìkì, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè má lo mílíìkì náà tán, torí fúláwà kan ń mu omi ju òmíràn lọ. Bó bá ti wà pọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ jáwọ́. Ẹ má pò ó bí ẹni ń po búrẹ́dì. Ìṣẹ́jú 1 ti tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á rò pé bí àwọn bá ṣe ń fi agbára pò ó tó ló ṣe máa dára tó. Ẹ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20.

Ẹ wá fi ìgò tàbí igi yí i pẹlẹbẹ. Kó nípọn tó 5 mm, kó sì dọ́gba jákèjádò. Tí apá kan bá fẹ́lẹ́ ju ìkejì lọ, èyí á ti jó kí ìyẹn tó jinná. Ti ọmọdé, ẹ má gé e ní igun mẹ́rin wínníwínní bíi ti ọjà. Ohun líle kékeré báyìí lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 lọ́fun. Ẹ gé e gbọọrọ, 1 cm ní ìbú, 5 cm ní gígùn, kí ọmọ lè dì í mú, kó máa gé e jẹ lórí ìjókòó, lójú yín. Àǹfààní kan tí dídín kò ní wà níbí: kò sí epo gbígbóná nítòsí, ọmọ ọdún 5 lè dúró tì yín, kó bá yín tò ó sórí tíréè.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn lórí tíréè. Ẹ fi mílíìkì pa wọ́n lórí fẹ́ẹ́rẹ́, òun ló máa fún wọn láwọ̀. Oven gbọ́dọ̀ ti gbóná dé 180°C kí wọ́n tó wọlé. Tó bá ṣì tutù, bọ́tà á yọ́ jáde kí àpòpọ̀ tó dì. Ìṣẹ́jú 18 sí 20 tó, kí ẹ yí tíréè padà ní ìdajì. Tí ẹ̀gbẹ́ bá ti pupa rúsúrúsú, tí àárín sì ṣì ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e jáde. Ẹ má dúró dìgbà tó bá gan nínú oven, ìta ló ti máa ń gan bó ṣe ń tutù. Fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì pé, ìṣẹ́jú 15.

Oven onígáàsì tí iná rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá, òun ló ń jó ìdí chin-chin jù. Ẹ gbé tíréè sí àtẹ̀gùn òkè, kí ẹ fi tíréè òfìfo sí ìsàlẹ̀ kó gba iná náà. Ẹni tí kò ní oven lè lo ìkòkò tó nípọn: iyanrìn gbígbẹ 3 cm nínú rẹ̀, nǹkan tí páànù máa jókòó lé, ọmọrí, iná ìwọ̀nba, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbé e sí i. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 30, òkè rẹ̀ kì í sì í pupa, torí náà ẹ yí chin-chin náà dojú dé ní àárín méjì. Ẹ máa nu omi tó bá dì sínú ọmọrí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ń se é ni, ẹ kò yan án. Air fryer, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yan nǹkan, yára, 160°C fún ìṣẹ́jú 9 sí 10, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bí mi nínú ni kí wọ́n máa polówó rẹ̀ pé “kò ní epo rárá.” Bọ́tà 125 g tí ẹ pò mọ́ ọn ńkọ́? Inú rẹ̀ ló wà. Ó lè kéré sí àpapọ̀ bọ́tà inú chin-chin dídín àti epo tó ń mu, ṣùgbọ́n ṣúgà kò bá epo lọ. Ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ ọmọ ni kí ó jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, ẹ má sì fi oyin rọ́pò ṣúgà fún un. Oyin léwu fún ìkókó. Àwọn tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n rọ́pò ṣúgà gbìyànjú, àmọ́ kì í gan, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́: ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì.

Tó bá jẹ́ inú àpò ilé ìwé ló ń lọ, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, bíi wákàtí 1, kí ẹ tó dé e sínú ike. Èyí tí ẹ bá dé ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ á làágùn nínú ike, yóò sì rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tó bá ti rọ̀, ẹ dá a padà sínú oven ní 150°C fún ìṣẹ́jú 6, kí ẹ sì mú sùúrù kó tutù kí ẹ tó tọ́ ọ wò, torí bó bá ṣì gbóná, rírọ̀ ló máa rọ̀.