Ìpín dáàmù kò sọ bóyá ó lágbára

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn ẹlẹ́ja Ìbàdàn pé dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá pè ní high hazard (ìpín ewu ńlá) ti fẹ́ já, pé low hazard (ìpín ewu kékeré) kò sì léwu. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí omi máa bá nísàlẹ̀ bí dáàmù bá já ni ìpín yẹn ń wò. Bóyá ògiri rẹ̀ ṣì le, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ wo National Inventory of Dams, àkọsílẹ̀ àwọn dáàmù Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àyè hazard potential (ewu tó lè ṣe bó bá já) yàtọ̀ sí àyè condition (bí dáàmù fúnra rẹ̀ ṣe wà). Dáàmù tó dúró digbí lè jẹ́ high nítorí ilé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ń jò lè jẹ́ low nítorí pé igbó nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìpín náà sì lè yí padà láìsí ẹni tó fọwọ́ kan dáàmù. Ẹ sáà mọ bí ilé ṣe ń wọ oko ní Ìbàdàn! Adágún tí bàbá yín ṣe sínú igbó lè ti ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ìwé nísàlẹ̀ báyìí.

Ní ti agbára rẹ̀, ẹ rìn dé ẹ̀yìn ògiri náà, níhà ìsàlẹ̀ tí adágún kò sí. Bí omi tó ń sun lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá dà bí ẹrẹ̀, yẹ̀pẹ̀ inú ògiri ló ń kó jáde. Ẹ pe ẹnjiníà lọ́jọ́ náà.