Ta Ló Ní Lílé Ará Abúlé Kúrò Létí Omi Ló Máa Gba Adágún Là?

Wọ́n tún ti gbé e dé. Lẹ́yìn ìpàdé ọmọ Yorùbá ní Kubwa l'Abuja lọ́jọ́ Àìkú, ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jabi Lake, adágún inú ìlú níbẹ̀, bọ̀ ń ráhùn pé ọ̀rá pọ̀ lójú omi ju ẹja lọ. Ó ní àfi kí ìjọba lé gbogbo apẹja àti ará abúlé jìnnà sí adágún, kí wọ́n kó sójà tì í, torí pé ará abúlé ò mọ̀ ju kó bà á jẹ́ lọ. Àwọn tó jókòó ń mi orí bí alángbá. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ nípa Jabi, wọ́n ń sọ ọ́ nípa Kainji lórí odò Ọya, wọ́n ń sọ ọ́ nípa Nguru tó wà ní Yobe lọ́hùn-ún, kò sì sí ibi tó ti bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká mú Kainji. Dáàmù rẹ̀ parí ní 1968. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn tó kìlómítà 136, ibi tó ti fẹ̀ jù sì tó kìlómítà 24. Ẹ wá fún ẹ̀ṣọ́ yín ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ní ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40. Bó bá ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni yóò fi ti òkè adágún dé ìsàlẹ̀, àlọ àtàbọ̀ sì di wákàtí mẹ́sàn-án. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, ń jẹ tó lítà 15 bẹntiróòlù ní wákàtí. Lítà 135 ti lọ nìyẹn fún ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ò sí nínú ìṣirò. Àárín omi gbọọrọ náà ló sì gbà o. Kò tíì yà sí kọ̀rọ̀ omi kankan, bẹ́ẹ̀ inú kọ̀rọ̀ ni àwọ̀n tí òfin kọ̀ máa ń wà, lóru. Bí afẹ́fẹ́ bá sì parọ́rọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì yóò ti dé etí apẹja tipẹ́tipẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ tó dé. Yóò so òkúta mọ́ àwọ̀n, yóò rì í sómi, yóò fi ẹ̀ka igi kan sàmì sí i, yóò sì máa wo ẹ̀ṣọ́ bó ṣe ń kọjá. Aládùúgbò rẹ̀ nìkan ló mọ ẹ̀ka igi wo ni.

Ínṣì 3, ìyẹn mílímítà 76, ni ìwọ̀n ojú àwọ̀n tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ní Kainji fún àwọ̀n tí wọ́n ń dẹ mọ́jú. Àwọ̀n ojú ínṣì 2 ń kó ọmọ epìyà tí kò tíì bímọ rí, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n sì ń jẹ yẹn. Wíwọ̀n ọ́n kò le. Rẹ àwọ̀n sómi kọ́kọ́. Ka ojú 10 tó tẹ̀ léra, nà wọ́n títí tí kókó yóò fi kọjú síra, má fà á bí ẹni ń fa okùn màlúù, torí náílọ́ọ̀nù máa ń nà. Bí ojú 10 náà kò bá tó ínṣì 30, àwọ̀n yẹn ò yẹ. Má wo ohun tí wọ́n kọ sára ìdì rẹ̀ lọ́jà. Ohun tí wọ́n kọ lè yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìdì. Ẹni tó lè ṣe èyí láràárọ̀ ni olórí apẹja tó wà ní èbúté, tó mọ ọkọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Minna bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè ṣe é.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn jù níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ni òfin tó lágbára jù létí omi. Ọ̀pọ̀ ẹja ló ń gba inú agbọ̀n wọn kọjá kó tó dé orí ààrò. Bí wọ́n bá fẹnu kò pé àwọn ò ní ra epìyà tí kò gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, àwọ̀n kékeré ti di gbèsè lọ́rùn ẹni tó rà á nìyẹn, láìsí lítà epo kan. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni owó ìtanràn. Níbi tí owó bá ti ń lọ sí ọ́fíìsì lókè, ó di rìbá kí oṣù tó pé. Kó wà ní èbúté, kó wà nínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè ṣí wò, kí ìyà sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀: ẹ gba àwọ̀n rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, bó bá tún ṣe é ẹ gé e lójú gbogbo ayé, lẹ́ẹ̀kẹta kó má gúnlẹ̀ sí èbúté yẹn mọ́. Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọmọ baálẹ̀ tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa mú, torí òun náà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Iṣẹ́ tí Nàìjíríà àti Jámánì jọ ṣe ní Kainji láti 1993 di 2001 kọjú sí àwọ̀n ńlá tí wọ́n ń fà wá sí bèbè, tó ń gbá ọmọ ẹja àti ẹyin rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọba àti olórí abúlé ibẹ̀ ni wọ́n bá jókòó lórí rẹ̀.

"Ṣebí àwọn ará abúlé yẹn náà ló ń da gàmálìn, májèlé tí wọ́n fi ń pa ẹja, sómi?" Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń dà á. Olè wà ní Wuse l'Abuja náà, ẹnikẹ́ni ò sì tíì ní ká kó gbogbo ará Wuse kúrò. Ta ni yóò rí ẹni tó da gàmálìn láago mẹ́ta òru bí kò bá sí ẹni tó ń sùn létí omi?

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Nguru, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti ń náni lówó jù. Dáàmù Tiga parí ní 1974, Challawa Gorge ní 1992, méjèèjì ní Kano, lórí omi tó ń ṣàn lọ sí Hadejia àti Nguru. Tẹ́lẹ̀, odò a kún lójò, a gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Lẹ́yìn dáàmù, omi pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ń ṣàn yípo ọdún. Omi tí kò jìn tí kò sì gbẹ ni ibùgbé typha, koríko tí àwọn Hausa ń pè ní kachalla. Ó ga ju ènìyàn lọ, gbòǹgbò rẹ̀ ń rá lábẹ́ ẹrẹ̀, ó sì ń dí ojú odò pa. Omi á ya wọ oko ẹnì kan, oko ẹnìkejì á gbẹ. Àwọn ẹyẹ jan baki tó ń jẹ jéró àti ìrẹsì run á wá sọ inú rẹ̀ di ilé. Adágún tó wà nínú àkójọ Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ olómi, láti 2000 rèé. Ẹ sọ fún mi, ará abúlé wo ló kọ́ Tiga?

Kachalla yìí kì í gbọ́ ti agbára. Inú igi àti ewé rẹ̀ kún fún ihò afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń mí. Bí o bá gé e lókè omi, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ewé tuntun fi ń yọ. Abẹ́ omi ni kó o ti gé e, kó jìn tó ìbú ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó o sì gé èyí tó ti gbẹ pẹ̀lú tútù, nítorí pé igi gbígbẹ tó yọrí síta ṣì ń gbé afẹ́fẹ́ lọ fún gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà omi gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí gbòǹgbò tó jẹrà. Nítorí náà, kí omi òjò tó dé ni àsìkò rẹ̀, nígbà tí omi ṣì mọ ènìyàn ní orúnkún, tí orí rẹ̀ kò sì tíì tú bí òwú. Bó bá ti tú, atẹ́gùn ti gbin tọdún tó ń bọ̀ fún ọ nìyẹn. Láti ìsàlẹ̀ odò ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n máa gòkè. Bí abúlé òkè bá kọ́kọ́ gé tiwọn tí ìsàlẹ̀ ṣì dí, omi á kàn lọ gbá jọ síwájú, á sì ya wọ oko. Ohun tí wọ́n bá gé, kí wọ́n kó o kọjá ibi tí omi ń kún dé, kí wọ́n fi hun zana, ìyẹn ẹní tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà. Kí gbogbo ẹni tó bá wọ omi wọ bàtà rọ́bà gígùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àtọ̀sí ajá ni wọn yóò gbà lówó iṣẹ́.

Ẹ wo iye abúlé tó gbọ́dọ̀ ṣe èyí lọ́sẹ̀ kan náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ní ọjọ́ tí omi bá pè. Agbaṣẹ́ṣe tí owó rẹ̀ jáde lóṣù Kejìlá yóò gbé ẹ̀rọ wá nígbà tí omi ń fà, yóò gé e lókè omi, yóò ya fọ́tò, yóò gba owó. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, kachalla ti ga jù ú lọ.

Ní Kainji, water hyacinth ni tiwọn, ewé olódòdó àlùkò tó ń léfòó. Kì í ṣe ojú-oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn wọ̀nyẹn la mọ̀ ọ́n fi pọfọ̀, èyí àjèjì láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni, 1984 ni wọ́n rí i ní Badagry. Láàárín bíi ọ̀sẹ̀ méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ní ká fín in lóògùn gbàgbé pé òkú rẹ̀ ń rì, ó ń jẹrà, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lẹ́nu. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á, níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbá a jọ sí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíkó o jọ sétí omi ní Okúdù. Omi Kainji ń lọ sókè sódò tó mítà 10 lọ́dún, bó bá fi máa di Èrèlé, ibi tí o kó o sí ti wà nísàlẹ̀ adágún, èso rẹ̀ a sì tún hù. Ẹni tó ń dá oko létí omi mọ ibi tí omi ń dé ní Èrèlé, ó lè fi ẹsẹ̀ tọ́ka rẹ̀ fún ọ.

Argungu ní Kebbi ńkọ́? Láti 1934 ni ọdún ẹja wọn ti bẹ̀rẹ̀. Sarkin Ruwa, olórí omi, ló ń ṣọ́ omi náà. Kò sẹ́ni tó ń fi àwọ̀n kan ibẹ̀ títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Lọ́jọ́ náà, àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ni. Wọ́n ti gbé giwan ruwa, ẹja ńlá kan, tó lé ní kílò 70 jáde níbẹ̀. Ta ló kó sójà tì í?

Ẹni tó bá fẹ́ fi adágún Chad dá mi lóhùn, kó má ṣe ìyọnu. Adágún tó tó kìlómítà 25,000 níbùú lóròó ní 1963 kò tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn mọ́ nígbà tí ọ̀dá 1984 kọjá. Òjò tí kò rọ̀ ló ṣe é jù, kì í ṣe apẹja.

Mo gbà pé ará abúlé nìkan kò lè ṣe é. Ọwọ́ wọn kò dé ilẹ̀kùn Tiga, bí àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù ò bá sì tú omi nígbà tó yẹ, kachalla tí ará abúlé gé kò ní kú. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ará abúlé jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọjọ́ tí omi ń jáde. Wọn ò wá pè wọ́n sí ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pè wọ́n sí ni ìpàdé tí wọ́n ti ń pín T-shirt àti jọ̀lọ́ọ̀fù, tí wọ́n kọ orúkọ, tí wọ́n ya fọ́tò. Baálẹ̀ ló jókòó síwájú. Darandaran tí ọ̀nà màlúù rẹ̀ dópin sétí omi kò sí níbẹ̀, obìnrin tó ń yan ẹja kò sí níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màlúù ti wọ inú ọgbà tí wọ́n gbìn sí bèbè, wọ́n á ní ará abúlé ò gbọ́ràn.

Ẹ̀gbọ́n, ti Jabi ló kù. Lọ́jọ́ tí òjò bá tún rọ̀ gidi, ẹ lọ dúró síbi tí gọ́tà kan ti ń wọ adágún yẹn, kí ẹ ka ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà àti ike oúnjẹ tó ń kọjá níwájú yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ wá tọ ojú gọ́tà náà padà sókè, kí ẹ wo ilé ta ló ti ń bọ̀.